Nígbà Tí Ilé Ìwẹ̀ Caracalla Ṣì Gbẹ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, omi padà dé Ilé Ìwẹ̀ Caracalla ní ìlú Róòmù. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí omi ti dá níbẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó ahoro náà ṣe adágún kan síbẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 42, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 32, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Kì í ṣe omi ìwẹ̀. Wọ́n ṣe é kí òjìji àwọn ògiri gíga tó ṣẹ́kù lè máa hàn nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá wá wòran lè rántí pé omi ló ni ilé yìí níbẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Róòmù ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ní kó mú mi lọ. Mo dúró létí omi náà, mo wò ó títí. Ibi tí mo mọ̀ nígbà ọ̀dọ́ mi, gbígbẹ ló gbẹ: koríko tí oòrùn ti sun, eruku bíríkì pupa, ìyàngbẹ ilẹ̀ tó ń ró lábẹ́ bàtà. Omi tuntun yìí ló jẹ́ kí n rántí gbígbẹ náà, àti àwa obìnrin tí a máa ń jókòó síbẹ̀ nígbà yẹn.

Ọdún 1988 ni mo dé Ítálì. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ti wọ Nàìjíríà nígbà náà, náírà ń já wálẹ̀, owó oṣù tíṣà tí mo ń gbà nílé kò sì tó gbọ́ bùkátà mọ́. Iṣẹ́ tí mo rí ní Róòmù ni pé kí n máa tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan ní San Saba, àdúgbò kékeré kan tó wà lórí òkè, tí kò jìnnà sí ahoro náà. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Èmi ni mo ń se oúnjẹ rẹ̀, tí mo ń fọ aṣọ rẹ̀, tí mo ń wẹ̀ fún un. Signora ni mo ń pè é bí gbogbo àdúgbò ti ń pè é, ṣùgbọ́n n kò lè kí i lórí ìdúró. Bí mo bá ti fi eékún balẹ̀ láàárọ̀, á fọwọ́ kàn mí lórí, á ní kí n dìde, á ní ilẹ̀ tutù.

Ní Róòmù ìgbà náà, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé. Bí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ bá ti tó, ọ̀pọ̀ á gba ibùdókọ̀ ojú irin Termini lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ Eritrea, ọmọ Etiópíà, ọmọ Sòmálíà, ọmọ Cape Verde àti ọmọ Philippines ti máa ń pàdé ara wọn, tí oníkálùkù á máa sọ èdè rẹ̀ sókè láìwojú ẹnikẹ́ni. Àwa díẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní apá San Saba àti Aventino, inú ahoro la máa ń lọ. Owó ìwọlé kò wọ́n nígbà náà, lírà díẹ̀ ni. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ti mọ̀ wá lójú. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ fún wa ni pé kí á má ṣe gun ògiri o.

Ọ̀nà tí a ń gbà débẹ̀ kọjá níwájú ilé ńlá funfun tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ń lò. Lójúde ilé náà, òpó òkúta kan dúró sí ìdojúkọ títì, gíga rẹ̀ tó mítà 24, wọ́n gbẹ́ àwòrán ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Axum ní Etiópíà ni àwọn ọmọ ogun Mussolini ti kó o wá ní 1937. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Etiópíà kì í kọjá níbẹ̀ láìdúró. Òun ló sọ fún mi pé lọ́dún 1960, nígbà tí Abebe Bikila, ọmọ ilẹ̀ wọn, ń sá eré máràtọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Róòmù láìwọ bàtà, ìtòsí òpó yìí ló ti fi ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì gba wúrà.

“Ṣé ẹ rí i, àǹtí mi,” ọ̀rẹ́ mi wí, “òkúta ilé ló sọ fún un pé ó tó àkókò.”

Lọ́dún kan náà, nínú ahoro tí à ń lọ yìí, ni àwọn eléré jimináásítíìkì ti díje fún wúrà Òlíńpíìkì. Signora máa ń sọ ọ́ fún wa. Lójú tirẹ̀, kò sí ìgbà kankan tí ibẹ̀ kú rárá. Ó ní ohun tí wọ́n ń lò ó fún ló ń yí padà.

Ẹni tó bá ń wọ ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọrùn ló kọ́kọ́ máa ń dùn ún. Àwọn ògiri kan ṣì ga tó mítà 30, ojú ọ̀run sì ni òrùlé wọn. Ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ gbà tó nǹkan bí héktà 11. Ọdún 216, nígbà ìjọba ọba Caracalla, ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé nǹkan bí 1,600 ènìyàn lè wẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá omi gbígbóná wà, ó rí rìbìtì, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Yàrá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn omi tútù tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò ní òrùlé. Pápá eré ìdárayá wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, ọgbà sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí kò jó, ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé bí òrùlé rẹ̀ bá ṣì wà lórí, ojú wa kò ní rí bí ìgboyà àwọn tó kọ́ ọ ti pọ̀ tó.

Lẹ́bàá ògiri ni mo fẹ́ràn jù. Bíríkì wọn fẹ́lẹ́, amọ̀ tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó bíríkì fúnra rẹ̀. Bí oòrùn oṣù keje bá ti pa á láti àárọ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú ni ooru á máa jáde lára rẹ̀. A ó tẹ́ aṣọ, a ó fẹ̀yìn tì í, a ó bọ́ bàtà. Ọ̀kan á mú búrẹ́dì wá, ọ̀kan á mú ìrẹsì tó ti tutù wá nínú abọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Ẹnu ni gbogbo ara ògiri ibẹ̀, aláǹgbá á sì máa yọjú wò wá láti inú ihò dé ihò. Ibẹ̀ la ti ń ka lẹ́tà ilé. Lẹ́tà ìgbà náà máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà a kì í kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní lẹ́tà á kà á sókè, yóò máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ítálì tí kò gún, kí ọmọ Cape Verde lè bá ọmọ Ìbàdàn dárò.

Létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, òkúta mábù kan wà tí wọ́n gbẹ́ ihò kéékèèké sí lójú. Ayò ni. Ẹni tó bá ń sinmi létí omi á jókòó tì í, á máa ju èso tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwọn ihò náà, ẹnìkejì rẹ̀ á máa ka iye tó wọlé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bẹ̀rẹ̀ mo fi ìka kan àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí wọn ti dán, ó jọlọ̀, bí ibi tí ọwọ́ púpọ̀ ti kọjá. Bí a ti ń ju kóró kajú sí ihò lẹ́yìn kíláàsì nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́, mo jù ú, ó wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ayò yẹn di tiwa ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Signora ló kọ́ mi ní ìwé kíkà ní èdè wọn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà ó ní kí n máa ka ìwé sí òun létí lálẹ́, bí mo bá ṣì í pè, á tún un ṣe. Nínú ìwé rẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà kan tí Seneca kọ, ọkùnrin ọlọ́gbọ́n tó ti kú ju 100 ọdún lọ kí wọ́n tó kọ́ ilé ìwẹ̀ Caracalla. Ó ń gbé lókè ilé ìwẹ̀ kan, ariwo ibẹ̀ kò jẹ́ kó rójú. Ó ka gbogbo rẹ̀: ẹni tó ń gbé irin tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ẹni tó ń kọrin nínú omi kí ohùn rẹ̀ lè ró, ẹni tí wọ́n ń fa irun abíyá rẹ̀ tó ń ké, àti àwọn tó ń kiri oúnjẹ, tí oníkálùkù ní bó ṣe ń polówó tirẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà náà, ahoro wa kún fún ènìyàn lójú mi. Ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ tí a ń gbádùn lọ́jọ́bọ̀, ibi ariwo ọjà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìwé Signora náà ló kọ́ mi bí ilé ìwẹ̀ Caracalla ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi ibẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n la ẹ̀ka kan jáde lára Aqua Marcia, ọ̀nà omi tó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ẹ̀ka náà ní Aqua Antoniniana, wọ́n fi dárí omi wá sínú àwọn àgbá ìkómisí ńlá tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ilé. Lábẹ́ ilẹ̀, ojú ààrò wà lọ́pọ̀. Igi ni wọ́n fi ń dáná, ooru á gba abẹ́ ilẹ̀ àti inú ògiri lọ, kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wẹ̀ má bàa tutù. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà kó igi wá fẹ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ ẹrù lè kọjá nínú rẹ̀. Lókè, ènìyàn ń fi òróró para, wọ́n ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha ìdọ̀tí kúrò lára. Nísàlẹ̀, àwọn ẹrú ń tanná, wọ́n ń kó eérú, èéfín ń wọ̀ wọ́n lójú. Orúkọ ọba wà lára ilé náà títí dòní. Orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń dáná kò sí níbẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ kan tí a jókòó ti ògiri. Ọmọ Cape Verde tó wà láàárín wa, tó ń fọ ilé ẹbí kan láti àárọ̀ kùtù, fọwọ́ gbá ilẹ̀. Ó ní, “Àwa ni ìsàlẹ̀ yẹn.” Kò sí ẹni tó já a níyàn.

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé ìyà nìkan ni iṣẹ́ náà. Nínú balùwẹ̀ Signora ni mo ti mọ èyí dáadáa. Ìyá mi fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí mo fi wẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, kò sí ẹni tó fọ ẹ̀yìn òun bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ilé àwọn kò ní balùwẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Garbatella ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, ibẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń mú wọn lọ bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí. Ó ní orí ìlà tí wọ́n tò sí níta ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ẹni tó bímọ, ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ti délé, ara rẹ̀ á mọ́, etí rẹ̀ á sì kún.

Signora náà ló sọ fún mi nípa ọdún 1937, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe opẹrà nínú ahoro Caracalla. Ọ̀dọ́bìnrin ni nígbà náà. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni òun jókòó sí, ṣùgbọ́n òun gbọ́ ohùn. Láti ìgbà náà, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àfi ìgbà tí ogun ń jà. Nígbà tèmi, àárín àlàpà yàrá omi gbígbóná gan-an ni ìtàgé wà. Bí wọ́n bá ń ṣe Aida, ẹṣin gidi á gorí ìtàgé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga ju agbára wa lọ, nítorí náà orí koríko tó wà ní òdìkejì títì la máa ń jókòó sí. Orin á máa wá bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé e. Nígbà mìíràn ohùn obìnrin kan á ga sókè ju ariwo mọ́tò lọ, gbogbo wa á dákẹ́, ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà á dákẹ́ pẹ̀lú.

Ọdún 1990 ni mo rántí jù. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wà ní Ítálì. Kamẹrúùnù ló ń gbé orúkọ gbogbo wa kiri, Roger Milla ń jó níbi igun pápá, àwọn ará Róòmù tí kì í kí wa tẹ́lẹ̀ ń pè wá ní “Camerun” lójú títì, wọ́n ń bọ̀ wá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Kamẹrúùnù ní Napoli pẹ̀lú góòlù 3 sí 2, lẹ́yìn àfikún àkókò. Alẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ̀ wá lọ́nà ọ̀fun. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, tí àṣekágbá ku ọ̀la, àwọn olórin opẹrà mẹ́ta, Pavarotti, Domingo àti Carreras, kọrin pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ahoro Caracalla, Zubin Mehta ló darí àwọn eléré. Carreras ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Nǹkan bí 6,000 ènìyàn ló wà nínú, gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwa wà níta lórí koríko wa. Mo sọ fún Signora kí n tó jáde nílé pé n ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo padà, ó ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, omijé ti gbẹ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orin nìkan ni ọdún wọ̀nyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1989, wọ́n pa Jerry Masslo, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó sá kúrò lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ní Villa Literno níbi tó ti ń ká tòmátò. Ní oṣù kẹwàá, èrò rẹpẹtẹ wọ́ ní Róòmù láti fi kọ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àwa náà wà lára wọn. Òfin tó jáde ní 1990, tí wọ́n ń pè ní òfin Martelli, ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ nínú wa láti gba ìwé ìgbélùú. Mo lọ tò sí ìlà ní ọ́fíìsì kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó kàn mí, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò gbójú sókè wò mí tó fi ní ìwé mi kò pé, kí n máa lọ. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. N kò mọ ìwé tó kù, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bi. Signora ló wọ kóòtù, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ tẹ̀ lé mi padà lọ. Lọ́jọ́ náà, ìwé mi pé.

Nínú ìwé tí mo ń kà fún Signora lálẹ́ ni mo ti kà á pé ní 212, Caracalla tó ni ilé ìwẹ̀ yìí pàṣẹ kan: kí gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú lábẹ́ ìjọba Róòmù, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, di ọmọ onílùú. Ọba náà fúnra rẹ̀, ọmọ àlejò ni. Leptis Magna ní etíkun Líbíà ni wọ́n ti bí Septimius Severus, bàbá rẹ̀; Síríà ni Julia Domna, ìyá rẹ̀, ti wá. Mo ka ibẹ̀ léraléra. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sọ Caracalla di ẹni tèmi. Signora ní kí n kà síwájú. Mo kà síwájú, mo rí i pé ó ti ní kí wọ́n pa Geta, àbúrò rẹ̀, ní àyà ìyá wọn, ó sì ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Mo rí i pé Cassius Dio, òpìtàn tó gbé ayé nígbà náà, sọ pé kí owó orí lè pọ̀ sí i ló mú kó sọ gbogbo ayé di ọmọ onílùú. Láti ìgbà náà, bí mo bá wo àwọn ògiri yẹn, mo ń rí ọwọ́ tó fúnni àti ọwọ́ tó pànìyàn papọ̀, n kò sì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Bí ilé náà ṣe gbẹ gan-an rọrùn láti sọ. Ní 537, nígbà tí ọmọ ogun àwọn Goth dó ti Róòmù, wọ́n gé àwọn ọ̀nà omi tó ń wọ ìlú. Kò sí ẹni tó ní láti wó ògiri kankan. Omi kò dé mọ́, ilé ìwẹ̀ di àlàpà. Lẹ́yìn náà ni ayé ń kó o díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1540, ìdílé Farnese, tí póòpù Paul Kẹta ti jáde, hú ère ńláńlá níbẹ̀. Ère Hercules àti ti akọ màlúù náà wà ní Napoli báyìí. Agbada òkúta méjì tó ti ibẹ̀ jáde wà ní Piazza Farnese, òpó kan sì dúró ní Florence. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo Ilé Ìwẹ̀ Caracalla, àfi kó rin Ítálì kiri.

Ní báyìí, nǹkan ti yí padà. Orí fóònù ni àbúrò mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá géètì wa kò sí mọ́. Wọ́n ní awò kan tí ènìyàn lè gbé sójú tí yóò sì rí bí yàrá kọ̀ọ̀kan ti rí kó tó wó, òrùlé á wà, mábù á wà, ère á wà. Wọ́n ti ṣí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ fún òǹwòran, àti ojúbọ òrìṣà Mithras tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn 1993 ni wọ́n dá opẹrà dúró nítorí ohun tó ń ṣe fún ògiri. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 2001, wọ́n gbé ìtàgé jìnnà sí àlàpà. Bí mo ti fẹ́ràn àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn tó, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ẹṣin tí a ń yọ̀ mọ́, ilé tó ti lé ní 1,700 ọdún ló ń mì lábẹ́ rẹ̀. Òpó Axum kò sí níwájú FAO mọ́. Ó padà sí Etiópíà ní 2005, wọ́n sì gbé e nàró sílé ní 2008. Ọ̀rẹ́ mi ti padà sílé kí ó tó dé. Òun náà ló kọ lẹ́tà sí mi pé òkúta ti dé.

Ohun kan wà tí mo ṣàfẹ́rí rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ènìyàn fẹ̀yìn ti ògiri mọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé, tí wọ́n pọ̀ ní Róòmù ju ìgbà tiwa lọ, n kò rí wọn níbẹ̀. Àbúrò mi ní orí fóònù ni oníkálùkù ti ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, nínú yàrá rẹ̀. Ó dára kí ènìyàn rí ojú ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwa ìbá fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun láti rí i nígbà náà. Àmọ́ ẹni tó bá dá ka lẹ́tà rẹ̀ nínú yàrá kò lè rí ọmọ Cape Verde tí yóò bá a dárò.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tiwa, a kò débẹ̀. Ó tutù, ó ga ju bí mo ti rò lọ. Mo dúró níbi tí àwọn tó ń dáná ti dúró, mo gbójú sókè. Nǹkan díẹ̀ ni ènìyàn lè rí láti ibẹ̀. Inú mi dùn pé ìjọba Ítálì ti ń mú àlejò sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ báyìí, kì í ṣe òkè níbi tí ará ìlú ti ń wẹ̀ nìkan. Ìyẹn sàn ju gbogbo ohun tí a rí ní 1990 lọ.

Bí ẹ bá dé Róòmù, ẹ lọ wo omi tó padà dé náà, ẹ sì ní kí wọ́n mú yín dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́jú arúgbó onílé ní ìlú òyìnbó, ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ kó tó gbàgbé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nípò àṣẹ nílé, tí ẹ ń kọ́ gbọ̀ngàn, ọjà àti ilé ìwòsàn fún ará ìlú, ẹ ṣọ́ ibi tí omi ń gbà wọlé ju ojú ilé lọ, kí ẹ sì san owó tó tọ́ fún ẹni tó ń dáná lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ilé tí a kọ́ fún gbogbo ènìyàn tó lè dúró láìsí àwọn méjèèjì.